Ẹ Sọ Odindi Ọ̀rọ̀ fún Wa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àgbàlagbà tó Ní Ọ́tísìmù ní Èkó

Ọdún 7 rèé tí dókítà ti sọ fún mi pé ọ́tísìmù wà lára mi. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà yẹn. Ẹnu àwọn ẹbí, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Balógun, àti àwọn ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń ka ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde. Ọmọ àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní àbúrò mi, tó ti pé ọdún 24, ń bá wa gbé ní Sùúrùlérè. Ọ́tísìmù wà lára òun náà, àmọ́ kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń dáhùn, torí ohun tó tu èmi lára lè máà tu òun.

Kí ni ọ́tísìmù gan-an?

Bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ ẹni ni. Inú oyún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá èèyàn dalẹ́. Ohun méjì ni àwọn dókítà máa ń wá. Ọ̀kan ni bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, pàápàá bó ṣe ń gbọ́ ohun tí wọn ò fẹnu sọ. Èkejì ni bó ṣe máa ń di nǹkan mú: kí ohun gbogbo lọ bó ṣe lọ lánàá, kí ó fẹ́ràn nǹkan kan débi pé kò ní fẹ́ sọ òmíì, kí ó máa mi ara tàbí kí ó máa gbọn ọwọ́, kí ariwo, iná, òórùn tàbí ojú rírán aṣọ máa nira fún un ju bó ṣe ń rí lára ẹlòmíì lọ. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní in. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ràn. Wàrápá, àìrí oorun sùn, àti ìbẹ̀rù tó ń gbọ́n èèyàn lára lè bá a rìn, àmọ́ ìtọ́jú tiwọn wà lọ́tọ̀.

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé ni? Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ní in.

Ẹ ti rí wa. Ẹ kàn pè wá ní orúkọ mìíràn ni: aláìgbọ́ràn, olórí kunkun, ẹni tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe.

Ní 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner ní Baltimore kọ̀wé nípa ọmọ 11. Donald Triplett, ọmọ ìlú Forest ní Mississippi, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ọmọ yẹn dàgbà. Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó wa mọ́tò, ó gbá gọ́ọ̀fù, ó rìnrìn àjò káàkiri ayé, ó sì kú ní oṣù kẹfà 2023 lẹ́ni ọdún 89. Ẹnikẹ́ni ò wò ó sàn o. Ìlú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, tí wọ́n gbà á bó ṣe rí. Mo máa ń fi kún un fún àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí pé àwọn òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ní ìpín nínú báńkì tó ti ṣiṣẹ́. Ká ní ọmọ tálákà ni, bóyá ilé tí wọ́n ń kó irú wọn sí nígbà náà ni ì bá kú sí.

Kí ló dé tó fi di ọdún 29 kẹ́ ẹ tó mọ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ojú. Nínú ìwé òyìnbó, kí ọmọ má máa wo èèyàn lójú wà lára àmì tí wọ́n máa ń tètè rí. Nílé tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró ni wọ́n ń bá wí. Ilẹ̀ ni èmi máa ń wò, wọ́n sì ní mo ní ẹ̀kọ́.

Ìdí kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa Yorùbá kì í sọ ọ̀rọ̀ tán. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Tèmi kì í di odindi. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń wà níbẹ̀. Mo ti tó ọmọ ọdún 10, a ṣì ń gbé ní Láfíàjì, mo ń kọjá lọ níwájú yàrá ìyá kan tó ń jẹ ẹ̀bà. Ó ní, “Wá jẹun.” Mo bu omi fọ ọwọ́, mo jókòó, mo sì jẹ ẹ̀bà yẹn débi tí mo fi mú ẹran. Gbogbo ọmọ tá a jọ ń gbé àgbàlá ló mọ̀ pé “á gba ibi ire” ni ìdáhùn, kí èèyàn sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó fi kọ́ wọn, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n ni. Ìyá mi nà mí, ó ní mo fi ọ̀kánjúwà tàbùkù òun. Ohun tí mò ń rò bí mo ṣe ń sunkún ni pé, òun ló kúkú ní kí n wá jẹun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “mò ń bọ̀.” Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń jáde lọ, ó juwọ́ sí mi, ó ní, “Mò ń bọ̀ o.” Mo dúró dè é lẹ́nu géètì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì ló padà wá.

Mo wá kọ́ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń há ìwé sórí. Ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe “pẹ̀lẹ́,” mo ṣe “pẹ̀lẹ́.” Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹ̀kú wọ̀ láàárọ̀ tí kò sì bọ́ ọ títí tó fi délé. Tí mo bá dé yàrá, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìbínú. Àwọn obìnrin ń gbé irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ wọ̀ ju àwa ọkùnrin lọ, ó sì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í mọ̀ rárá.

Orí àga ìta dókítà àbúrò mi ni mo ti mọ̀. Àǹtí mi, ìyá rẹ̀, gbé e lọ, mo sìn wọ́n lọ. Dókítà ń bi wọ́n léèrè nípa ọmọ náà, èmi sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀ nínú mi, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ bá a fún ara mi.

Ṣé aráyé kọ́ ló ṣe é? Àbí ìyá rẹ̀ ló fà á?

Ìyá wa àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ pé emèrè ni àbúrò mi, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ tó bá ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Mi ò bá wọn jà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń wá ìdí. Ohun tó bí mi nínú ni àwọn tó gba owó lọ́wọ́ àǹtí mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn òyìnbó náà ti di ẹ̀bi ru ìyá rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn bíi Bruno Bettelheim ní Chicago ń sọ pé ìyá tí ara rẹ̀ tutù sí ọmọ ló ń fà á. Bàbá ọmọ ọlọ́tísìmù kan, Bernard Rimland, ló kọ ìwé ní 1964 tó fi já irọ́ náà. Ohun tí ìwádìí lára àwọn ìbejì ti fi hàn ni pé àjogúnbá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí mo bá wo bàbá mi, tó máa ń to bàtà rẹ̀ láti orí èyí tó ti pẹ́ jù, ìwádìí yẹn ò yà mí lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ o. Ìwé tí Andrew Wakefield, dókítà tó so abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ́tísìmù, kọ ní 1998, ọmọ 12 péré ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, The Lancet, yọ ọ́ kúrò ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ní 2019, wọ́n wo ọmọ tó lé ní 650,000 ní Denmark, wọn ò rí ohun tó so abẹ́rẹ́ àti ọ́tísìmù pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tún gbé ọ̀rọ̀ jáde pé parasitamọ́ọ̀lù tí aboyún ń lò lè fà á, ó sì dé orí fóònù gbogbo aboyún tí mo mọ̀ ní Èkó. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti wo nǹkan bí ọmọ 2,500,000 ní Sweden. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ ìyá kan náà wé ara wọn, wọn ò rí i pé oògùn yẹn ló fà á. Ibà tó gùn aboyún lórí tí kò tọ́jú léwu fún un àti fún ọmọ inú rẹ̀. Ẹ bi dókítà yín, ẹ má fi ẹ̀rù jókòó ti ibà.

Ibo ni àgbàlagbà ti lè ṣe àyẹ̀wò ní Èkó?

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń sá fún náà ni mo lọ: ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. 1907 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, orúkọ “Àsálọ́ọ̀mù” ò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Èkó. Tí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn, wọ́n á ní “Yaba left” ni. Mo mọ bó ṣe ń rí lára láti wọ géètì yẹn, tí èèyàn ń wẹ̀yìn bóyá ẹni tó mọ̀ òun ń kọjá. Inú lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró de nọ́ńbà wọn. Ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà ní Ọ̀ṣódì. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, náà ní dókítà ọpọlọ.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà, kò sí fọ́tò ọpọlọ tó ń fi í hàn. Ìbéèrè ni, àti wíwo bí èèyàn ṣe ń ṣe. Nítorí náà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé dání, ẹ sì mú káàdì èsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ tó bá ṣì wà. Nínú tèmi, olùkọ́ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ó mọ̀wé, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, kò fẹ́ kí a pààrọ̀ àga òun.” Dókítà ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá wò yín fún ìṣẹ́jú 10 tó ti ní òun mọ ohun tó ṣe yín, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

Ṣé oògùn wà fún un?

Oògùn tó ń mú ọ́tísìmù kúrò, kò sí. Èyí tó wà ń wo nǹkan mìíràn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí risperidone ní 2006 àti aripiprazole ní 2009, fún àwọn ọmọ ọlọ́tísìmù tí inú máa ń bí lódì, tí wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe. Àbúrò mi lo àkọ́kọ́ yẹn nígbà tó ń fi orí gbá ògiri. Ògiri gbígbá náà dín kù. Ó sì sanra dé ibi pé gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́, ó ń sùn lọ́sàn-án. Ọdún kejì ni eyín kan tó ti jẹrà wá hàn sí wa ní ọwọ́ ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, orí gbígbá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ oògùn rẹ̀ nù o. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo eyín, etí, inú àti oorun ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, kẹ́ ẹ tó sọ pé ìwà ló ń hù.

Kí ni ìjà tó wà lórí ABA, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́tísìmù? Wọ́n ní òun ló dára jù.

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni ní Èkó ń tà fún òbí, owó rẹ̀ sì ń tẹ ọ̀pọ̀ ilé mọ́lẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n á gé nǹkan tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á máa tún un ṣe, tó bá ṣe é, wọ́n á fún un ní ohun tó fẹ́ràn. Ole Ivar Lovaas ní Los Angeles ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1987, ó ní ọmọ 19 lòun fi wákàtí 40 kọ́ lọ́sẹ̀, pé 9 nínú wọn sì bá àwọn ọmọ yòókù kàwé láìsí ìyàtọ̀. Àwọn òbí tí wọ́n ti sọ fún pé kò sí ìrètí gbọ́ èyí, ẹ ò lè bá wọn wí pé wọ́n sáré tọ̀ ọ́ lọ. Àmọ́ jíjágbe mọ́ ọmọ àti gbígbá a ní itan wà nínú iṣẹ́ yẹn. Wọn ò sì ṣẹ́ kèké láti mọ ọmọ tó máa gbà á àti ọmọ tí kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwádìí tó ṣe é gbọ́kàn lé máa ń ṣe nìyẹn. Ní 2020, àwọn olùwádìí kó ìwádìí tó lé ní 100 jọ lórí ìtọ́jú àwọn ọmọ kékeré. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí wọ́n mú kìkì èyí tí ìlànà rẹ̀ dáa, àǹfààní tó kù fún irú ìtọ́jú yìí kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe é lónìí sọ pé àwọn ti fi ìyà sílẹ̀, pé eré ni àwọn fi ń kọ́ ọmọ báyìí. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Mo ti rí ọmọbìnrin kan ní Yábàá tó fi sùúrù kọ́ àbúrò mi bí a ṣe ń wọ bàtà, tí kò gbé ohùn sókè rí. Mo tún ti rí ibòmíì, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú sórí tábìlì kó má baà gbọ̀n ọ́n. Ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òun ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń di í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ara rẹ̀ jẹ.

Ìbéèrè tó yẹ kí òbí bi wọn kò pọ̀: kí lẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ta ló máa tù lára tó bá mọ̀ ọ́n? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tó bá ń sọ pé “ó tó”? Tí wọn ò bá ní ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Kíkọ́ ọ láti gun ọkọ̀, láti wẹ̀, láti sọ pé inú ń run òun, ìyẹn tù ú lára. Kíkọ́ ọ láti jókòó gbagidi kí ojú má baà tì wá lóde àríyá, àwa nìyẹn tù lára.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyà lè dé, ẹ wo ilé kan ní Canton, Massachusetts, Judge Rotenberg Center. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń so mọ́ ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá ṣe ohun tí wọn ò fẹ́, iná á gbé wọn. Aṣojú àjọ UN lórí ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní 2013. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 2020, kóòtù yí i padà ní 2021. Àwọn òbí kan wà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dá a dúró, torí ọmọ wọn ti fọ́ ara rẹ̀ lójú tán kó tó débẹ̀. Mo ka ẹ̀bẹ̀ wọn, ó dùn mí. Síbẹ̀, mi ò lè gbà pé iná ni a fi ń dáhùn ẹni tí kò rí ọ̀nà sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ń tà ìwòsàn fún wa lórí WhatsApp ńkọ́?

Ẹ má rà á. Oògùn tó ń fa òjé àti mẹ́kúrì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó pa ọmọ ọdún 5 kan ní Pennsylvania ní 2005. Omi bílíìṣì tí wọ́n ń pè ní MMS, bílíìṣì náà ni, ó ń bó ìfun. Kò sí ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní “stem cell” ń wo ọ́tísìmù, ó sì ti mú kí èèyàn ta ilẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbo ni, ẹ bi ẹni tó sè é ní ohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà, pàápàá tí ẹni náà bá ń lo oògùn wàrápá.

Ní ti ilé àdúrà, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ adúrà. Àmọ́ ọmọ ọdún 11 ni àbúrò mi nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ní ibì kan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí wọn ò fún un lóúnjẹ, pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ yẹn.

Àwọn kan ní kì í ṣe àìsàn, kí a má wò ó. Àwọn òbí mìíràn bínú sí wọn. Ta ló tọ̀nà?

Ní 1993, Jim Sinclair, tó ní ọ́tísìmù, sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ àwọn, pé ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí tí wọn ò rí ni wọ́n ń sunkún, ọmọ tó wà níwájú wọn ò kú. Inú ìrònú yẹn ni ẹgbẹ́ tó ń sọ pé ọpọlọ ò rí bákan náà ti dìde. Ó gbà mí là. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ẹni tó bà jẹ́ kọ́ ni mí.

Mo wá sọ ọ́ fún àǹtí mi. Wọ́n ń ṣan omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àbúrò mi lọ́wọ́, torí ó ti tọ̀ síbẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ìwọ lè kọ lẹ́tà sí wọn. Òun ńkọ́?”

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan tó kọ̀wé nínú The Lancet dá orúkọ mìíràn fún irú ti àbúrò mi, àwọn tí wọ́n nílò ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ wọn tọ̀sán-tòru, kí wọ́n má baà gbàgbé wọn láàárín àwa tá a lè sọ tẹnu wa. Àwọn ọlọ́tísìmù mìíràn ò fẹ́ orúkọ náà, wọ́n ní ńṣe ni wọ́n máa fi lé àwọn kan sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Ibi tí mo dúró sí ni pé wàrápá, àìsùn, ìrora, ìbẹ̀rù, àìrí ọ̀nà sọ ohun tó wà nínú ẹni, gbogbo ìyẹn la gbọ́dọ̀ wò, kí a sì náwó sí i. Ọwọ́ gbígbọ̀n, ojú ilẹ̀ wíwò, fífẹ́ràn fáànù tó ń yí, ìyẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni. Àǹtí mi sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n, láìsí ẹni tó máa ní wọn ò fẹ́ràn ọmọ wọn.

Báwo lẹ ṣe ń rìn ní Èkó pẹ̀lú ariwo yẹn?

Mo máa ń jáde nílé ní aago 5:15 òwúrọ̀. Tó bá ti di aago 6:30, Ojúẹlẹ́gba ti gbóná. Mo máa ń wọ ọkọ̀ BRT bí ó bá ṣeé ṣe, torí iye owó rẹ̀ ò yí padà láàárín ọ̀nà, kò sì sí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń na ọwọ́ sí mi lójú pé “owó dà?” kí n tó rántí ibi tí mo fi í sí. Tó bá jẹ́ dánfó, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ṣéńjì pípé ní ọwọ́ ọ̀tún, ohun ìdítí nínú etí. Ní Balógun, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ fún mi ní àyè lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ. Aṣọ ń gba ariwo mu. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbohùngbohùn mẹ́ta ń ké papọ̀. Lẹ́yìn ìdì àǹkárá 40, mo lè ka owó.

Ní ti òde àríyá, mi ò fi ipá mú ara mi mọ́. Mo máa ń tètè dé kí wọ́n tó so gbohùngbohùn, mo á dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, mo á gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, mo á lọ. Àwọn ẹbí ti mọ̀.

Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́?

Òfin wà lẹ́yìn yín. Ti ìpínlẹ̀ Èkó jáde ní 2011, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ló ń bójú tó o. Ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019, ó sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba gba àwọn tó ní ìpèníjà ara dé ìdá 5 nínú 100. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958 tó ń pè wá ní wèrè. Àmọ́ òfin ò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò kọ́kọ́ dárúkọ ọ́tísìmù fún ọ̀gá mi. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún mi pé kí n ‘wo nǹkan yẹn.’ Ẹ sọ èwo, iye rẹ̀, àti ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ.” Wọ́n ṣe é. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àṣìṣe ti dín kù. Ìgbà yẹn ni mo tó dárúkọ rẹ̀.

Ìgbéyàwó ńkọ́?

Àwọn kan ń ṣe é, àwọn kan ò fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi pamọ́ fún ìyàwó tàbí ọkọ àfẹ́sọ́nà.

Tí àwọn òbí ò bá sí mọ́, ta ló máa tọ́jú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí àǹtí mi sùn. Ilé ẹ̀kọ́ wà fún ọmọdé. Tí ọmọ bá ti ń hu irùngbọ̀n, ibi tó lè lọ kò tó nǹkan. A ò dúró de ìjọba. Ìwé ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ìwé eléyìn líle kan tó wà lórí fìríìjì, tí ẹnikẹ́ni tó bá gba ọwọ́ wa máa kà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà báyìí: Kì í jẹ ilá. Tó bá ń lu etí rẹ̀, eyín ni. Tó bá to ìdérí ìgò sílẹ̀, ẹ má kó o, ó ń ronú ni. Ẹ má mú un lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹ sọ fún un lálẹ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la. Orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, dókítà tó kọ ọ́. Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mẹ́ta tó ti gbà, pẹ̀lú ìbuwọ́lù wọn. A ń kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù báyìí, kó tó di dandan.

Ká ní ìwòsàn wà lónìí, ṣé ẹ máa gbà á?

Èmi ò ní gbà á. Ẹni tó máa jí lẹ́yìn ìwòsàn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn fún àbúrò mi, nítorí náà mo bi í. Ó ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù láti bí ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì. Mo sọ ọ́ ní odindi: “Tí dókítà bá lè mú nǹkan kan kúrò tó ń dà ẹ́ láàmú, kí lo fẹ́ kó mú kúrò?” Ó gba fóònù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bó ṣe máa ń ṣe. Ó pẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́: jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń sọ, èyí tí wọ́n máa ń tàn sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ tí NEPA bá ti mú iná. Ọdún 3 la fi ń gbé e kiri lórí àìsùn. Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, àwa náà sì gbé ibùsùn rẹ̀ sí yàrá iwájú. Ó sùn títí di aago 7.